Omi Àlùwàlá Àárọ̀ Ọyẹ́

Élise ló kọ́kọ́ sọ fún Ìsìlámíyátù pé ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí Ìsìlámíyátù fi gbé búta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí Élise gbé sẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀ yìí, tó dà á sídìí ìbẹ́pẹ, tó sì lọ bu omi ẹ̀rọ dípò rẹ̀.

"Màmá, omi Tata ńkọ́?" Àsíátù béèrè. Tata ló ń pe Élise.

"Kí Tata tó kó dé àdúgbò Attiégou yìí, omi wo la fi ń ṣe àlùwàlá?"

Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ò jẹ́ kó sanra, lóṣòó ti omi náà. Ó fọ ọwọ́, ó bọ́jú, ó fọ ẹsẹ̀. Ó ń gbọ̀n.

Inú Ìsìlámíyátù dùn, ìdùnnú tí kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni. Élise, ọmọ Atakpamé tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé yàrá kejì, kò bímọ. Síbẹ̀, òun ló mọ ìgbà tó yẹ kí Àsíátù mumi. Òun ló ra súwẹ́tà fún un. Òun lọmọ ń sáré pàdé. Ìlẹ̀kẹ̀ wo ló wá ń so sídìí ọmọ ọlọ́mọ?

Oòrùn ò tíì yọ tán tí Àsíátù fi dùbúlẹ̀, tó di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú. Kò ké. Ó kàn ń fi eyín há ètè rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ fi òróró ra á lẹ́sẹ̀, ìrora náà ò dínkù.

"Ẹ pe Tata fún mi."

"Èmi nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Ìsìlámíyátù lọ kan ìlẹ̀kùn Élise. Élise ti wọ aṣọ iṣẹ́.

"Ìyá Àsíátù, ṣé ó ti tún bẹ̀rẹ̀? Omi tí mo gbé sílẹ̀ yẹn ṣì gbóná o."

Ìsìlámíyátù lè purọ́. Ó wo ilẹ̀.

"Mo dà á nù. Omi tútù ni mo fún un."

Élise wò ó títí. "Ẹ bá mi mú súwẹ́tà rẹ̀ wá," ló wí.

Zémì kan ṣoṣo ni wọ́n rí lójú títì, alùpùpù akérò tí kò lè gbé gbogbo wọn lọ sílé ìwòsàn. Àsíátù na ọwọ́. Élise ló nà án sí. Ìsìlámíyátù tú ìró òkè rẹ̀, ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn Élise, ó sì fúnra rẹ̀ dì í, ó dì í dáadáa, ó fà á bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè.

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Àsíátù ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn Élise. Ìyá rẹ̀ rí i pé ó ti tú ètè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín eyín.

Zémì gbéra nínú eruku. Ọmọ náà ò wẹ̀yìn.