Rédíò Tó Fọwọ́ Ṣe fún Màmá

Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n rédíò àtijọ́ ló gbà á lọ́kàn, irú èyí tí wọ́n fi pákó ṣe àpótí rẹ̀, tí gílóòbù onígíláàsì wà nínú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fáàfù. Rédíò òde òní kì í wọ̀ ọ́ létí. Ó ní ohùn wọn dà bíi ti ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀.

Irú rédíò onífáàfù bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní kékeré. Bí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á pe Oníwáyà kó wá jókòó ti rédíò, kó máa wo inú rẹ̀ láti ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. "Má wo ẹ̀yìn o. Bá mi ṣọ́ iná yẹn." Fáàfù á pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyín iná tí wọ́n ń fẹ́, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bàbá á sì yí i sókè títí pákó á fi máa gbọ̀n. Bí Oníwáyà bá ń sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ṣe ni inú rẹ̀ máa ń dùn ṣìnkìn. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bà á nínú jẹ́ níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá ni Màmá gbé rédíò náà sọnù, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Lọ́dún yìí, nígbà tí iṣẹ́ dínkù, ó pinnu pé òun á ṣe irú rẹ̀ fún Màmá. Kì í ṣe pé á rà á o, á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni. Ó wá fáàfù káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù. Ó wé wáyà bàbà yí irin, ìpele lórí ìpele, láti fi ṣe tíráńsífọ́mà tó máa fún un níná. Bó bá ṣì í wé, á tú u palẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Iná gbé e lọ́jọ́ kan, apá rẹ̀ kú tipiri, síbẹ̀ ó padà sídìí rẹ̀. Ó fi sáńpépà ha pákó, ó fi fáníìṣì kùn ún títí èèyàn fi lè wojú nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni Màmá ń gbé. Ó pè é lórí fóònù láti sọ fún un.

"Ra fáànù fún wọn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Ooru ń mú wọn."

"Àǹtí, ṣé fáànù ni ohun ìrántí?"

"Ìrántí ta ni?"

Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló gbé e lọ. Màmá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Ó gbé rédíò kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n ṣáà máa wò ó, ó sì ki wáyà bọ iná. Fáàfù pọ́n. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn jáde, ó nípọn, ó sì gbóná, bó ṣe ń jáde láyé ọjọ́sí gẹ́lẹ́. Ó yí i sókè kí Màmá lè gbọ́ dáadáa. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Oníwáyà rò pé ẹkún ayọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ sun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, tó fa wáyà yọ lára ògiri.

"Àǹtí, ẹ máa ba fáàfù jẹ́."

"Bí Bàbá bá ti yí i sókè tán, kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"A jọ máa ń gbọ́ ọ ni."

"Ìwọ nìkan lò ń gbọ́ ọ. Rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Ó rí ihò àpótí, ó rí iná pupa. Kò rí bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀.

"Yàrá ni wọ́n ń wọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn àti Màmá. Wọ́n á yí rédíò sókè kí ará ilé má baà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu Màmá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Mò ń gbọ́ méjèèjì."

 Oníwáyà ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí Màmá jáde, wọ́n ti bọ́jú.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bó o bá ti ilé ìwé dé, bàbá rẹ lo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kí ni mi ò bá sọ fún ọ?"

"Ẹ ò bá sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kú."

"Lẹ́yìn tó kú, o ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìgbà, torí rédíò tí mo gbé sọnù."

Wọn ò fìbínú sọ ọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n mú aṣọ nílẹ̀, wọ́n ń ká a lọ. "O kú iṣẹ́. Mo rí i pé o ṣe wàhálà lórí ẹ̀. Máa gbé e lọ sílé rẹ."

Ó gbé e lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó tìlẹ̀kùn, ó tún tàn án. Ohun tó ń wá ni pé kí ohùn náà kó o nírìíra. Kò kó o nírìíra. Ó ṣì dùn mọ́ ọn létí bíi ti ọjọ́sí, ìyẹn gan-an ló sì pa á lára jù. Ó pa rédíò náà, ó dúró kí fáàfù tutù, ó wá ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wé wọn sínú ìwé ìròyìn.

Ìyàwó rẹ̀ kanlẹ̀kùn, ó yọjú.

"Ṣé Màmá fẹ́ràn rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ti pariwo jù."

"Ṣebí ẹ lè bá wọn yí i sílẹ̀ díẹ̀."

Ó mú fáàfù tó kù, ó wé e sínú ìwé ìròyìn.