Jàfárù Gbé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Lọ sí Brobo

Jàfárù kì í ṣe mẹkáníìkì. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà Bouaké, bí bàbá rẹ̀ ti tà á kó tó kú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àìkú bá ti mọ́, tó kírun tán, tó mu kọfí rẹ̀ tán, àpò sìmẹ́ǹtì ni yóò tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lágbàlá wọn ní Ahougnansou, yóò sì tú alùpùpù rẹ̀ palẹ̀. Kò dìgbà tó bá bàjẹ́. Alùpùpù tó gbé e lọ tó gbé e bọ̀ lánàá láìwúkọ́, á yọ búsì rẹ̀, irin kékeré tó ń tanná sí epo, á fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Á fẹ́ atẹ́gùn sí kábúrétọ̀. Á fọ ṣéènì nínú kẹrosíìnì, á sì tún gbogbo rẹ̀ tò padà. Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ a máa ní aláìsàn tó ń rí ìtọ́jú tó báyìí kò sí ní gbogbo Bouaké. Jàfárù á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Ìbráímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọmọ bàbá ni wọ́n. Láti ìgbà tí ìyàwó Ìbráímọ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, nínú yàrá tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Bí Jàfárù bá ti ń tẹ́ àpò, òun náà á gbé àpótí rẹ̀ jáde, á jókòó tì í, nígbà mìíràn á gba búsì ha. Sípánà tí Jàfárù kò tíì bèèrè, ó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni.

Kẹ̀kẹ́ bàbá wọn ni àkọ́kọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn ti wá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ́sìwọ́sì ló sì ń tà nígbà náà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, àwo tánganran. Lọ́jọ́ ọjà Brobo, yóò di gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú iṣu, eruku yóò ti sọ irun ojú rẹ̀ di pupa. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bàbá wọn a máa sùn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìbráímọ̀ kì í yí kẹ̀kẹ́ náà lórí ilẹ̀ kọjá níwájú fèrèsé, torí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ṣe ló máa ń gbé e sókè bí ẹni gbé àgùntàn. Ẹsẹ̀ wọn kò tó láti fi jókòó lórí rẹ̀. Abẹ́ irin àárín ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ kan bọ̀, wọ́n á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, wọ́n á sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni Ìbráímọ̀ kó tiwọn jọ. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò Koko, wọ́n fún un ní egungun kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún. Ó rí ẹsẹ̀ kan níbì kan, ó rí èkejì níbòmíràn, ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì dọ́gba. Iwájú kéré sí ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé ṣe ni kẹ̀kẹ́ náà máa ń dorí kodò. Ewúrẹ́ Ń Jẹko ni àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́. Kò ní búréèkì. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, bàtà ni Ìbráímọ̀ ń tẹ̀ mọ́ táyà, òórùn rọ́bà tó ń jóná á sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nígbà tí Jàfárù ti di bàbá ọmọ mẹ́rin, bó bá gbọ́ òórùn rọ́bà jíjóná lójú títì, inú rẹ̀ ṣì máa ń dùn, kò sì lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ogun pín orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbé sí méjì, tí Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, Jàfárù kó ìyàwó àti ọmọ, ó sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbráímọ̀ ló dúró. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn, tirẹ̀ lónìí, ti àbúrò rẹ̀ lọ́la. Nígbà tí Jàfárù padà dé, ìkòkò rẹ̀ kan kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ bí igi.

Ìgbàgbé náà kò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbráímọ̀ kọ́kọ́ ń gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà, èyí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, ó ń gbàgbé ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan gbé e délé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún wọn ní èdè Jùlá pé bàbá náà ní kí òun gbé e lọ síbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, òun sì ti gbé e yíká àdúgbò mẹ́ta. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fara balẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ohun tó bá ti lọ nínú irú àìsàn yẹn kì í padà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, lábẹ́ máńgòrò, sípánà ń wọ ọwọ́ Jàfárù kó tó bèèrè. Jàfárù di èyí mú. Ó ń sọ fún Sìdíkátù pé orí lè gbàgbé, ọwọ́ kò ní gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́, ó na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé sípánà lé e, ó ní, "Ẹ gbà, ọ̀gá."

Jàfárù rò pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, Ìbráímọ̀ kò pè é ní nǹkan mìíràn ju ìwọ lọ. Ìwọ, wá níbí. Ìwọ yìí, o ò ní jókòó jẹ́ẹ́? Ó gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ń wo òun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ti ń wo àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n kàn jọ jókòó sójú kan.

"Bọ̀dá mi, èmi ni o. Èmi Jàfárù."

"Ẹ kúuṣẹ́," ni Ìbráímọ̀ wí.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti tún mọ̀ ọ́n, ó sì ń bú u pé kò jẹun lásìkò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, pípè tó ń pè é ní ẹ yẹn ń lọ ó ń bọ̀, nígbà tó yá ó ń bọ̀ ju bó ti ń lọ lọ. Jàfárù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń pẹ́ nídìí omi, ó ń fọ ọwọ́ tí kò sí epo lára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, wọ́n rí Ìbráímọ̀ lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ó ń rìn lọ sí apá àríwá láìwọ bàtà. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ló fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Fatimah ọmọ Ìbráímọ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Abidjan, gbọ́, ó wọ ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó wá ní òun fẹ́ mú bàbá òun lọ. Ó ní ilé òun ní géètì, ọmọ ọ̀dọ̀ sì wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Jàfárù fẹ́ sọ pé òun lè ṣe é. Ó wo Sìdíkátù. Sìdíkátù ló ń wẹ àgbàlagbà náà, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, orúnkún obìnrin náà sì ti wú láti oṣù tó kọjá, kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Jàfárù ní kò burú. Wọ́n fi ìrìn àjò náà sí Sátidé.

Ó ku ohun kan tó rò pé òun ṣì lè ṣe fún ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní òun yóò gbé e lọ sí Brobo, kó rí ọ̀nà bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pààrọ̀ ṣéènì, ó pààrọ̀ búréèkì, ó fọ gbogbo ara alùpùpù náà bí ẹni fẹ́ gbé e lọ fi tọrọ ìyàwó. Sìdíkátù ní kò bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n wọ ọkọ̀. Jàfárù ní ọkọ̀ kọ́. Nígbà tó rí i pé kò ní gbọ́, obìnrin náà wọ yàrá, ó mú ọ̀já tó fi pọn àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó sì fi de ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò lẹ́yìn, ó ta á ní kókó tó le níwájú ikùn Jàfárù.

Ní ọ̀nà, ara Ìbráímọ̀ yá. Ó di ejìká àbúrò rẹ̀ mú, ó ń ké sí i létí. Ó ní kó rọra, kòtò wà níwájú. Kò sí kòtò kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jàfárù dín eré kù. Ó bèèrè bóyá Bàbá ti ṣáájú wọn. Jàfárù ní Bàbá ti ṣáájú. Pápá ti gbẹ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti dáná sun àwọn ibì kan, ilẹ̀ dúdú, èéfín ṣì ń rú díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ ọjà kọ́ ni ní Brobo. Àwọn obìnrin díẹ̀ jókòó ti iṣu wọn, àwọn àtẹ yòókù ṣófo. Ìbráímọ̀ wò yíká. Wọ́n ra àtíékè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín, wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ó jẹun díẹ̀, ó wá sún mọ́ Jàfárù bí ẹni tó ní àṣírí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní alùpùpù. Bẹ́ ẹ bá ń padà lọ, ẹ bá mi wojú ọ̀nà. Mo wá àbúrò mi tì."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Jàfárù. Ó kéré. Mo di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú fún un, mo ní mi ò ní fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé ó ti ń gùn ún dáadáa, mo fi sílẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn, kò wẹ̀yìn. Mo sáré títí, mi ò bá a."

Jàfárù rántí ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ni, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Nígbà tó wẹ̀yìn wò nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kéré lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi rò pé ayọ̀ ló gbé ọwọ́ náà lérí.

"Ẹ̀rù bà yín?" ló bèèrè.

"Ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá?"

"Kò ṣubú," ni Jàfárù wí. "Mo rí i. Ó ti délé."

Ìbráímọ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ọlọ́run yóò san án fún yín," ló wí, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Wọn kò tíì jìnnà sí Brobo nígbà tí alùpùpù náà wúkọ́, tó sì kú. Jàfárù tú ọ̀já, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi kan. Ó yọ búsì, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dúdú. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ tí ọwọ́ Ìbráímọ̀ ti ṣe láìmọye ìgbà lábẹ́ máńgòrò ni. Jàfárù mú búsì náà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó kó wọn lé e lọ́wọ́, ó dúró ó ń wò ó.

Ìbráímọ̀ yí irin náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ó kó méjèèjì padà fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn.

"Ẹ má bínú," ló wí, "mi ò mọ iṣẹ́ yín."

Jàfárù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò ha búsì náà. Oòrùn ń lọ, ọkọ̀ ń kọjá, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irin náà lọ́wọ́ títí ọkọ̀ akóṣu kan fi dúró. Awakọ̀ náà, Étienne, ará Brobo, bá a gbé alùpùpù sórí iṣu, ó sì gbé Ìbráímọ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ Bouaké nìyẹn.

Ní Sátidé, Fatimah mú bàbá rẹ̀ lọ. Kò jà, kò sunkún, ó wọ ọkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ti kọ́ dáadáa. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, Fatimah a máa pè, a máa gbé fóònù sí i létí, Jàfárù á máa sọ̀rọ̀, á sọ ti ọjà, á sọ ti ara Sìdíkátù. Mímí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ìbráímọ̀ kú kí òjò tó dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Alámísì ni, wọ́n sì sin ín ní Abidjan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bí ẹ̀sìn ti pa á láṣẹ. Ọkọ̀ Jàfárù ṣì wà lọ́nà. Nígbà tó dé ibojì, ilẹ̀ pupa ni, ó ṣì tutù. Ó gbàdúrà. Ó dúró dìgbà tí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó sì padà sílé.

Alátùn-únṣe òpópónà kejì ló ń bá a tún alùpùpù náà ṣe báyìí, nígbà tó bá bàjẹ́ nìkan. Ìgbà òjò, wọ́n fi yàrá Ìbráímọ̀ tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Moïse. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Alaalẹ́ ló ń kàwé sókè, ohùn rẹ̀ á máa gba ara ògiri kọjá. Sìdíkátù ní òun lè ní kó dín ohùn kù. Jàfárù ní kó fi í sílẹ̀, kí ohùn máa wá láti yàrá náà.