Ìwé Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Láti ọdún mẹ́ta tí ọkọ Màmá ti kú, bó bá ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà ilé, ńṣe ni ojú kọ̀ǹpútà náà máa ń di búlúù, tí á sì dákú. Màmá kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀: á fa wáyà yọ lára ògiri.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin yẹ kọ̀ǹpútà náà wò títí. "Màmá, ìwé kan tí Bàbá ní kó tẹ̀ jáde kí wọ́n tó kú ló há síbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó ṣeé pa. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

"Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kàn án."

Màmá wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé náà rọra yọ:

"Ìyàwó mi, bí a ṣe ń pa kọ̀ǹpútà nìyí. Àkọ́kọ́, má fa wáyà, olóríkunkun."

Màmá rọra fi wáyà tó ti dì mú láti fà yọ sílẹ̀.