Ajá Ẹ̀gbọ́n Dókítà

Ajá tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ajá àjèjì. Ti ẹ̀gbọ́n dókítà ẹran gan-an ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ló fi í sílẹ̀ kó tó kú. Ajá náà ti darúgbó débi pé olè ló ń kí, àlejò ló ń gbó mọ́, síbẹ̀ òun nìkan ni ohùn tó kù nínú ilé opó náà. Kókó kan wá yọ sí i nínú ikùn.

"Ṣé kò séwu?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ kékeré ni."

Oògùn akunilóorun a máa fa agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn wálẹ̀, dókítà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ò tíì jìnnà tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé kí n dín oògùn oorun kù?"

Kókó ti wà lọ́wọ́ dókítà, ó ku ibi tó lẹ̀ mọ́ iṣan. Bí ajá bá mira pẹ́nrẹ́n, wàhálà dé.

"Dúró ná, mo ti fẹ́ẹ́ parí."

Ẹ̀rọ ò dákẹ́. Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì pa ariwo rẹ̀.

Nígbà tí kókó bọ́, wọ́n dín oògùn oorun kù, wọ́n fa omi sí ajá lára, agbára ẹ̀jẹ̀ sì padà. Àmọ́ ajá ò tètè jí. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ásíìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ti kan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé inú ẹran ara, ara á máa jó ṣúgà láìsí afẹ́fẹ́, kíkan rẹ̀ á sì dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ajá padà jí, ṣùgbọ́n kò tọ̀. Kíndìnrín ti fara gbá a.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó dì mọ́ dókítà. "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ."

Àdúrà náà gún dókítà bí abẹ́rẹ́. Ó lè di ẹ̀bi ru ọjọ́ ogbó; irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ kìlọ̀ fún mi, mo ní kí n kọ́kọ́ parí, kíndìnrín rẹ̀ sì ti fara gbá a."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O sì ń ṣiṣẹ́ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n kàn lọ jókòó ti ajá rẹ̀. Ìbá bú u, ìbá sàn.

Ajá ò kú, àmọ́ kíndìnrín ò padà bọ̀ sípò tán. Dókítà wá ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n déédéé láti fa omi sí i lára. Ẹ̀gbọ́n á di orí ajá mú. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n béèrè láìgbójú sókè:

"Ká ní ajá ẹlòmíì ni, ṣé wàá dúró nígbà tí ẹ̀rọ ń ké?"

"Torí pé tiyín ni mo ṣe fẹ́ kó tètè parí."

"Àbí torí o mọ̀ pé mi ò ní pè ẹ́ lẹ́jọ́?"

Dókítà tẹjú mọ́ omi tó ń kán nínú rọ́bà, ojú sì ń tì í láti gbé orí sókè.