Ọ̀rọ̀ Méjì Péré

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e," ni Mojísọ́lá wí, ó sì gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní Decatur ló ń kọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti bèèrè iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè sọ, ó mí kanlẹ̀, ó kọ méjì. Hephzibah sì ti pé ọdún méjì kọjá.

Àyà Ìyá Mojí já. Hephzibah kò gba ẹnu rẹ̀, Àníkẹ́ ló ń pe ọmọ náà. Oṣù márùn-ún rèé tó ti wá láti Ìwó, tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ ní Riverdale lókè òkun. Òfin kan ṣoṣo ni Mojísọ́lá fi lélẹ̀: ọmọ kò gbọdọ̀ wo fóònù. Ó ní fóònù ni kì í jẹ́ kí ọmọ tètè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, Ìyá Mojí á pe àbúrò rẹ̀, Ìyá Ilyas, lórí WhatsApp. Ilé ńlá tí aládùúgbò kì í yọjú sí, kí ni kí àgbàlagbà ṣe? Ọmọ á jókòó sí i lẹ́sẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa wo ara wọn.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun wá wà níbẹ̀, òun gan-an ló wọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n wọlé, dókítà bèèrè bóyá ọmọ ń wo fóònù. Mojísọ́lá ní kò wò ó rí. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn.

"Mojí, ó ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni. Èmi ni mo ń fún un."

"Mọ́mì. Lẹ́yìn gbogbo nǹkan tí mo sọ?"

Tìtìjú-tìtìjú ni Mojísọ́lá fi ṣàlàyé fún dókítà. Dókítà náà kò bínú, ó kàn bèèrè ohun tí ọmọ ń wò. Nígbà tó gbọ́ pé ẹbí ni, ó ní kí wọ́n pè é kí òun rí i.

Ìyá Ilyas ń já ìdí ata lọ́wọ́ nígbà tó gbé ìpè náà. "Àníkẹ́ mi, kí lo jẹ?"

"Ẹ̀kọ."

"Ta ló fún ẹ?"

"Màmá."

"Ṣé o yó?"

"Mo yó." Ọmọ na ìka sí àwo tó wà níwájú Ìyá Ilyas. "Ata. Mi ò jẹ."

Mojísọ́lá rántí méjì tó kọ sínú fọ́ọ̀mù. Òyìnbó nìkan ni òun àti Fọláhàn ọkọ rẹ̀ ń bá ọmọ sọ, ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan náà ló sì kà. Ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń lé sí i lójú. Dókítà ní èdè yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ ni, kó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní ẹni tó ń bi ọmọ léèrè, tó sì ń dúró gbọ́ èsì, yàtọ̀ sí eré tó kàn ń pariwo lọ. Kí wọ́n má pa ìpè náà tì.

Ara Ìyá Mojí fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Nínú ọkọ̀, Mojísọ́lá ní, "Mọ́mì, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Ṣé o máa jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ni?"

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín. Kò tíì ṣáná sí ọkọ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, sí orí àga ọmọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Àníkẹ́, ṣé... ṣé ká máa lọ sílé?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ títí, bí ẹni pé àlejò ló kí i.

"Ká lọ," ló wí.