Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Fi Orí Ṣe

Ẹ jẹ́ n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Mo tún lọ tọrọ ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá rẹ̀ ní, “Èyí ò tó. Fi orí yí, àbí kí o máa lọ.”

Mo ká fìlà mi bí òṣùká, mo gbé orí lé e, mo na ẹsẹ̀ sókè, mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ni mo bá ń yí ranyinranyin bí òkòtó. Agbádá bò mí lójú. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín.

Àna mi ní, “Dúró bẹ́ẹ̀, má mira.” Mo dúró gbagidi, ẹsẹ̀ lókè. Ó la ẹnu láti fèsì, mo bá gbọ́ gbì.

Ìyàwó mi yọjú láti orí ibùsùn. “Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

Mo ní, “Ṣé bàbá rẹ ti gbà?”