Kọ̀ǹpútà Kingsley Lórí Àjà

Ẹ má bá mi jiyàn o. Gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, irú tèmi, dára ju ti kọ̀ǹpútà lọ, pàápàá ní Awóyè níbí, létí òkun. Ó fúyẹ́, èèyàn lè gbé e sínú ọkọ̀ láìsí wàhálà. Èèyàn méjì lè jókòó tira wọn, kálukú pẹ̀lú páàdì tí yóò fi máa darí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, Kingsley, olórí kunkun! Kọ̀ǹpútà ńlá ló lọ rà, èyí tó ń mu epo jẹnẹrétọ̀ bí ẹni ń mu omi, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ òkun sì ń jẹ irin ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Sístà Happiness, ẹ gbọ́," ló máa ń wí, "ṣé tiyín lè gba orúkọ wa? Nínú kọ̀ǹpútà, ohun tó bá wù mí ni mo lè fi sí i."

Ó sì fi sí i lóòótọ́. Ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Awóyè sílẹ̀ nínú gẹ́ẹ̀mù náà. Bàbá wa tó ti kú ló ń ṣọ́lé. Èmi, ó fi mí sí ọwọ́ ẹ̀yìn, ó ní n kò mọ̀ ju kí n máa bá èèyàn jà lọ. Ó wá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, ẹ ó gbọ́ ọ: "Góòlù! Màmá, ẹ gbé ìkòkò kaná, ebi ń pa wá!" Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìgbì dojú ọkọ̀ Kingsley dé lẹ́nu òkun. A sin ín. Háà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé sọ. Láti ìgbà náà, tí Màmá bá ti kó ẹja rẹ̀ kúrò lórí iná, á nu ọwọ́ sára ìró, á ní, "Happiness, tan Kingsley fún mi." Màá tan jẹnẹrétọ̀, a ó jókòó, a ó máa retí kí bọ́ọ̀lù wọlé. Ohùn yẹn nìkan ló kù fún un lára Kingsley. Èmi tí mo ti bú kọ̀ǹpútà yẹn tó, èmi náà ni mò ń nù ún.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ta edé ní Ìgbọ́kọ̀dá. Òkun ru dé abẹ́ ilé wa, ilẹ̀ pákó tutù rinrin, ẹ̀rù sì ba Màmá. Ẹ mọ àṣà wa: ohun tí a kò bá fẹ́ kí omi òkun bàjẹ́, gààrí ni o, iyọ̀ ni o, orí àjà tó wà lókè ibi tí a ti ń yan ẹja la ń gbé e sí, kí ooru iná lè máa gbẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ó wá koná, ó fi igi kún igi, kó lè gbẹ dáadáa.

Ẹ̀rín ló fi pàdé mi létí omi. "Má jáyà," ló wí. "Mo ti gbé Kingsley síbi tó gbẹ."

Mo sáré gun àjà. Ike rẹ̀ ti yọ́, èéfín àti ọ̀rá ẹja ti bò ó. Mo gbé e padà lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó tú u, ó mi orí. Ó ní ibi tó ń tọ́jú nǹkan pa mọ́ sí ti jóná, kò sí ohun tí òun lè yọ níbẹ̀ mọ́.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo mọ́ Màmá. Mo wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un, ọkàn mi bàjẹ́, ìbínú náà rọ̀.

Màmá ní, "Èyí tìẹ tí o máa ń yìn ńkọ́? Ṣé Kingsley kò sí nínú ìyẹn ni?"

 Mo so gẹ́ẹ̀mù tèmi mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo fi páàdì kejì lé e lọ́wọ́, ó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. A jókòó tira wa. Bọ́ọ̀lù wọlé. Ohùn òyìnbó kan tí a kò mọ̀ rí pariwo nínú gẹ́ẹ̀mù náà, ó sì dákẹ́. Màmá ṣì ń tẹ́tí.

Lẹ́yìn náà ó rọra gbé páàdì sílẹ̀, ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kaná.